Ọjọ́ Kan Létí Òkun ní Tarkwa Bay

Kò sí òkun ní Kúta. Ẹni tó bá ti gba Ìwó wá sọ́dọ̀ wa rí mọ̀ pé ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ wa, àti pé omi tó fẹ̀ jù lọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti fojú rí ni omi Àìbà tí ìjọba sé ní Ìwó. Ṣùgbọ́n òjò tó ń rọ̀ sórí páànù wa, òkun náà ló ń lọ. Ó ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun gba Aṣẹ́jirè kọjá, ó wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí, láti ibẹ̀ ni omi sì ti ń wá ọ̀nà dé òkun ńlá. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi inú oṣù kẹjọ, àwa náà tẹ̀lé omi yìí lọ. Àwa mẹ́rìndínlógún ni a lọ: àwa tọkọtaya, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, àti ọ̀dọ́ mọ́kànlá.

Kí a tó lọ, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi wá: ṣé àdúrà ni a fẹ́ lọ gbà létí òkun? Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ará aláṣọ funfun ti sọ etí òkun Èkó di ilé àdúrà. A dáhùn pé rárá, a ń lọ sinmi ni, a sì ń lọ ṣeré. Jésù Olúwa wa pàápàá pe àwọn àpọ́sítélì kúrò láàárín èrò kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, ó wà nínú Máàkù orí kẹfà. Bàbá kan nínú ìjọ, tí ó ti lé ní 80 ọdún, mi orí.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú o. A kì í fi omi ṣeré."

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ ọ."

"Wọn ó lọ kọ́ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ̀yin náà ṣe kọ́ ọ̀nà oko."

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Ọlọ́run mú wa lọ kí ó mú wa bọ̀.

Láti Kúta sí Èkó tó nǹkan bí 200 kìlómítà: a gba Ìwó, a gba Làlúpọn, a dé Ìbàdàn, a sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò ní fi ìwé ṣòfò lé e lórí. A sùn mọ́jú Sátidé lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní òwúrọ̀, a lọ sí èbúté ní Victoria Island, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni àlejò ń wọ̀ lọ sí Tarkwa Bay. Wọ́n fún olúkúlùkù ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, a sì rí i dájú pé gbogbo ọmọ dè é mọ́ra dáadáa. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó kọ̀ǹtéénà lọ sí Àpápá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ga bí ilé alájà. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka kọ̀ǹtéénà orí rẹ̀, ó kà á títí ó fi sú u.

Ibi tí a ń lọ yìí, ọwọ́ ènìyàn wà nínú bí ó ṣe rí. Láyé àtijọ́, yanrìn a máa dí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń ti òkun wọ Èkó, ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Ní nǹkan bí 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta ńláńlá sínú òkun, wọ́n fi mọ ògiri gígùn sí ọ̀tún àti òsì ẹnu ọ̀nà náà. Ògiri náà ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, ọkọ̀ ń wọlé. Ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun mìíràn. Omi òkun wa a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dá yanrìn dúró, etí òkun ìhà ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀ sí i, ti ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lọ. Àwọn tó gbé Èkó nígbà náà á rántí bí òkun ṣe máa ń kún wọ ojú pópó Ahmadu Bello. Láti 2009 ni wọ́n ti ń kó yanrìn dí òkun níbẹ̀ láti kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Bar Beach tí àwa mọ̀ kò sí mọ́. Nítorí náà, ojú méjì ni Tarkwa Bay ní. Ojú kan wà lẹ́yìn ògiri, omi rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ojú kejì, tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, kọjú sí òkun gbangba, ibẹ̀ ń bú ramúramù.

Ẹni tó gbà wá lálejò mú ajá rẹ̀ dání. Ajá ilẹ̀ wa ni, pupa, tí ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò tí wọn kò fẹ́ bá jà. Bí wọ́n bá ti ń pe ajá láàárọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti gbọ́. (A kò bi ará wa yìí pé ta ni ó ń bá wí.) Nígbà tí ó fi okùn sí ajá lọ́rùn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ lórí yanrìn, ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ní Kúta, ajá ló ń mú ara rẹ̀ rìn. Ọdẹ nìkan ló ń bá ajá rìn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì ń lọ. Kí àgbàlagbà kan jí ní òwúrọ̀ kí ó máa bá ajá najú, tí kò sí ìgbẹ́, tí kò sí ẹran, èyí jẹ́ ohun tuntun.

Àwa pẹ̀lú wọn rìn lọ títí dé ibi òkúta. Tanímọ̀la lé akàn, akàn wọ ihò. Ó gbó ìgbì, ìgbì kò dáhùn, ó sá padà. Olówó rẹ̀ gbé omi mímu dání fún un, nítorí omi òkun a máa ṣe ajá ní jàǹbá bí ó bá mu ún. Ó tún kọ́ wa pé kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan yanrìn kí a tó mú ajá gba orí rẹ̀ ní ọ̀sán. Bí ọwọ́ kò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè gbà á. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ajá ti bù jẹ rí. Láàárọ̀, ẹ̀yìn ìyàwó wa ló ń sá sí. Kí ó tó di ọ̀sán, òun ló di okùn Tanímọ̀la mú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, ẹ̀yin òbí. Ajá ni ó ń kó àìsàn dìgbòlugi ran ènìyàn nínú bí 99 nínú 100 àwọn tó ní in. Bí ó bá ti farahàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Bí ajá bá bu ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi àgbo dúró. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì gba abẹ́rẹ́. Ajá inú ilé náà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbà.

Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, a kọjá sí ìhà Lighthouse. A bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mẹ́fà níbẹ̀ pẹ̀lú pákó wọn. Pákó náà gùn ju ènìyàn lọ, ó fúyẹ́, ó ń dán, nǹkan bíi lẹbẹ ẹja wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí omi má bàa gbé e sá lọ. Wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tu omi kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n á wá jókòó máa wo òkun bí ọdẹ tó lúgọ. Bí ìgbì tí wọ́n ń retí bá ń bọ̀, wọ́n á yí padà, wọ́n á yára tu omi, ìgbì á gbé wọn, wọ́n á fò dìde dúró lórí pákó, ó di etí ilẹ̀. Eré yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní surfing. Gígun ìgbì náà kì í pé ìṣẹ́jú kan. Sùúrù tó ṣáájú rẹ̀ ló gùn.

Ohun tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ìgbì ga. Ìdí ni pé ibi tó jìnnà ni ó ti ń bọ̀. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ló ń ru omi sókè, omi tó ru náà á sì rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kàn wá. Nígbà tó bá dé ibi tí omi kò jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀, orí rẹ̀ á ṣubú síwájú. Àárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ni ìgbà òtútù àwọn ará gúúsù, ìgbà náà ni ìjì wọn ń le jù, ìgbà náà sì ni òkun tiwa ń ru.

Ẹ má sì rò pé eré òyìnbó ni. Lóòótọ́, àwọn ará Hawaii ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn, ó sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Japan ní 2021. Ṣùgbọ́n James Alexander, ọ̀gágun ará Britain kan tó dé Accra ní àwọn ọdún 1830, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn ọmọkùnrin tó gbé pákó fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ wọ inú òkun, tí wọ́n sì dúró de ìgbì láti gbé wọn wá sílẹ̀. Ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí fíìmù The Endless Summer jáde ní 1966, tí ó fi àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì hàn tí wọ́n ń wá ìgbì kiri ayé, Senegal, Ghana àti Èkó wà nínú ibi tí wọ́n dé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà nawọ́ sí ibi kan tí koríko ti hù, ó ní, "Ilé wa wà níbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, sà." Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 2020 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi dé pẹ̀lú ìbọn, tí wọ́n ní kí àwọn ará Tarkwa Bay kó ẹrù wọn jáde. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń fọ́ páìpù epo ìjọba lágbègbè náà. Àwọn tó jalè wà o, a kò sọ pé wọn kò sí. Ṣùgbọ́n ó lé ní 4,000 ènìyàn tó di aláìnílé, ìkókó àti arúgbó wà nínú wọn, ènìyàn kì í sì fi ilé gbogbo ará àdúgbò san gbèsè olè. Àwa ará Kúta, ọmọ Òwu ni wá. Ìtàn bí ogun ṣe tú Òwu ká láàárín 1820 sí 1829 ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Àwọn ọmọ wa dákẹ́ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin yìí ń sọ̀rọ̀, a kò sì ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ó ní òun ń gbé ní ìlú báyìí, ṣùgbọ́n òun kò lè fi òkun yìí sílẹ̀.

Òun náà ló fi ohun tó ń pa àlejò hàn wá. Láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń fọ́, ibì kan a máa wà tí ojú omi dákẹ́. Àlejò á rò pé ibẹ̀ ló sàn láti wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi tó ti wá sílẹ̀ ti ń padà sínú òkun, á sì gbé ènìyàn lọ. Bí ó bá gbé ọ, ó ní, má bá a jà. Lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí wàá fi bọ́ nínú rẹ̀, kí o tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀ tààrà, àárẹ̀ á mú un, àárẹ̀ ló sì ń pa ènìyàn.

A mọ̀ pé àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan ń kọ́ni pé ìjọba àwọn ẹ̀mí omi ni òkun, kí ọ̀dọ́ má súnmọ́ ọn. A kò bá wọn jiyàn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó rì nítorí pé kò mọ odò wẹ̀, ẹ má di ẹrù rẹ̀ lé ẹ̀mí kankan lórí. Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27. Àwọn 276 tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù ti ní ìlérí Ọlọ́run pé kò sí ẹni tí yóò ṣègbé. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ fọ́, balógun ọ̀rún ní kí àwọn tó lè wẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sómi. Àwọn tó kù gun pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ dé ilẹ̀. Ìlérí náà ṣẹ, odò wíwẹ̀ àti pákó sì wà nínú bí ó ṣe ṣẹ.

Ní ọ̀sán, àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà gbé pákó méjì wá sí ìhà tí omi rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àwọn ọmọ wa wọ ẹ̀wù ààbò wọn, omi kò sì kọjá ìbàdí wọn. Wọ́n ṣubú, wọ́n dìde, wọ́n mu omi iyọ̀, wọ́n tún ṣubú. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 14, dúró lórí pákó fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, gbogbo etí òkun sì pariwo. Ìyàwó wa ní òun náà á gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Aago mẹ́rin ni a wọ ọkọ̀ padà, kí òkùnkùn má bàa bá wa lórí omi. Tanímọ̀la sùn lọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni ibi tí wọ́n ti lè kọ́ odò wíwẹ̀ lágbègbè Ìwó, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. A ti ń wádìí rẹ̀. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.