Sí Olówó Orí Mi ní Ṣàngótẹ̀dó

Olówó orí mi, bàbá àwọn ọmọ mi,

Mo kí yín láti Peckham níbí. Ara ọmọ tuntun le koko, ìyá rẹ̀, àbígbẹ̀yìn wa, náà ti ń jẹun dáadáa. Èmi ni ọkàn mi kò lélẹ̀. Àárò yín ń sọ mí ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lójú àwọn ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí àwọn àgbà ti ń péjọ, ìyá kan, ará Jàmáíkà, ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bàbá àwọn a máa fi rédíò wá New Orleans lóru. Ohùn Fats Domino á wọlé, á tún rì, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbé e. Mo ní orí asọ̀rọ̀mágbèsì Rediffusion lèmi ti gbọ́ ọ ní Èbúté Mẹ́tà. Mo dá “Blueberry Hill”, wọ́n gbè é. Àwo ọdún 1956! Omijé bọ́ lójú mi, nítorí ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ jókòó tì mí.

Ṣé ẹ rántí àríyá ọdún 1970, ọdún tí James Brown wá sí Èkó, tí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ bíi tirẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi Otis Redding sí i. Ẹ sọ fún mi létí pé bàálù rẹ̀ já sínú adágún ní Wisconsin lóṣù Kejìlá ọdún 1967, kí “The Dock of the Bay” tó jáde rárá. Ọmọ ọdún 26 péré! Ara mi ṣe gììrì, pé ẹni tó ti kú ló ń súfèé nínú orin yẹn. Ẹ̀yin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a súfèé. Ibẹ̀ lọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ yín.

Àwọn ọmọ ti fi orin náà sórí fóònù mi. Ó mọ́ kedere, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwo kékeré tiwa, èyí tí àkọ́bí wa fi ṣíbí ha, abẹ́rẹ́ máa ń fò níbì kan, ẹ sì máa ń fi súfèé tiyín dí àlàfo náà. Bí ti fóònù bá dé ibẹ̀, mo máa ń dúró dè yín. Orin á kàn kọjá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to àwọn àwo náà lé ara wọn o, wọ́n á tẹ̀. Ẹ gbé wọn dúró lóòró, kí ẹ sì sún àpótí wọn kúrò lára ògiri. Ọ̀rinrin ọ̀sà kò dára fún wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá ti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Monastery Road já dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pè mí, kí ẹ fi àwo wa yẹn sí i, kí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ súfèé orin náà sí mi létí fúnra yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èmi ni, aya yín.