Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ́nà Gbígbà

Dánfó tó ń ná Ayọ̀bọ̀ sí Ìyánà Ìpàjà ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́ awakọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì ń rí gbogbo nǹkan. Fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ fífọ̀, omi yíyẹ̀ wò àti ọ́ìlì wíwọ̀n ni tèmi. Nígbà tó wá jẹ́ kí n di sítíárìn mú, ọkọ̀ ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́, torí ẹsẹ̀ mi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra tú kúlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Kọ́nà ló pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló rò pé bí a bá ti yí sítíárìn, eré á dín kù fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mi ní, "Sítíárìn kọ́ ló ń gba eré lọ́wọ́ ọkọ̀. Parí bíréèkì kí o tó yíwọ́!" Lójú ọ̀nà títọ́ ni mo gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì, kí n já gíà sí kejì, kí n tó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀.

Ìmọ̀ físíìsì gbè é lẹ́yìn. Ní 1829, Coriolis, ará Faransé, ṣàlàyé iṣẹ́ tí agbára ń ṣe: ibi tí agbára kọjú sí ni nǹkan gbọ́dọ̀ rìn sí kí á tó ní ó ṣiṣẹ́. Ní kọ́nà, ilẹ̀ ń ti táyà wọ inú kọ́nà, ìtì náà sì dábùú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ. Ó ń darí ọkọ̀ ni, kò fi kún eré, kò sì dín in kù. Òdo ni iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, eré máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀gá ní kí n fọwọ́ kan èjìká táyà iwájú lẹ́yìn tí a sọ̀kalẹ̀: ó gbóná. Táyà tó ń gba kọ́nà kì í kọjú ṣánṣán síbi tó ń lọ, ó ń ha ilẹ̀, híha náà ló ń jẹ eré.

Lọ́jọ́ kan, mo gba kọ́nà, ìyá tó gbé agbọ̀n tòmátò lé itan kò sì di nǹkan kan mú. Ọ̀gá mi ní, "Ó dáa." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹni tó fi kìlómítà 40 ní wákàtí gba kọ́nà ń béèrè ìlọ́po 4 agbára tí ẹni tó fi 20 gbà á ń béèrè lọ́wọ́ táyà. Bí òjò bá rọ̀, táyà kò ní rí i san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè tẹ bíréèkì.