Orí Ńkọ́?

Ìyá tó ń ta òkú èkó nítòsí ilé wa ní Àkúrẹ́ ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́ nípa òtútù. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n dúró nínú yàrá yìnyín tó ń kó ẹja sí, kí n fi dán ìbọ̀wọ́ àti súẹ́tà tuntun tí mo rà wò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ ìka mi fi le gbagidi, àwọn oníbàárà sì ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọkùnrin tó dúró láàárín páálí ẹja. Mo jáde, mo lọ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́.

Kilimanjaro ni mò ń palẹ̀ mọ́ fún, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Tanzania: 5,895 mítà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lọ sí òkè Ìdànrè ní gbogbo Sátidé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Mo máa ń di omi inú ike sínú àpò ẹ̀yìn, mo máa ń gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó mú. Itan mi le, àyà mi gba èémí, orí mi sì wú. Ṣùgbọ́n òkè Ìdànrè kò ga tó 1,000 mítà. Ẹsẹ̀ ló lè kọ́, kò lè kọ́ ẹ̀jẹ̀.

Dókítà tí mo lọ bá ló là á yé mi. Ó ní kì í ṣe pé ọ́síjìn tán lókè. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́, kò ní agbára tí yóò fi ti ọ́síjìn ọ̀hún wọnú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní góńgó Kilimanjaro, ohun tí èémí kan ń kó wọlé kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tó ń kó wọlé ní Badagry lọ. Ara mọ bí yóò ṣe ṣe é: á máa mí kíákíá, á máa tọ̀ púpọ̀, tó bá yá á máa pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Àmọ́ ọjọ́ ló ń gbà. Ẹni tí kò bá fún un ní ọjọ́, orí á fọ́ ọ, á bì, kò ní í lè sùn. Bó bá wá le ju ìyẹn lọ, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró, ọpọlọ lè wú, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè kú. Ohun tó ń gba èèyàn kalẹ̀ níbẹ̀ ni kó sọ̀ kalẹ̀. Ó fún mi ní oògùn Diamox, ó ní ọmọ ìka á máa jó mi rìnrìn, n ó sì máa tọ̀ ṣáá. Méjèèjì ṣẹ. Kò sọ fún mi pé míníra á di omi lásán lẹ́nu mi.

Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe san owó ọ̀nà Machame ọlọ́jọ́ méje dípò ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Owó ọjọ́ kan yẹn dùn mí dé egungun. Bí mo bá tún un ṣe báyìí, n ó san án, n ó sì fi ọjọ́ kan lé e.

Àwa mẹ́rin la jọ gùn ún. Ní ẹnubodè Machame, tó ti ga tó nǹkan bí 1,800 mítà kí a tó gbé ẹsẹ̀ kan rárá, wọ́n gbé ẹrù wa kọ́ òṣùwọ̀n: ẹrù aláàárù kan kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, igbó, ẹrẹ̀ àti òjò. Ọjọ́ kejì, igi ń kúrú, ìkùukùu wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa. "Pole pole" ni gbogbo ẹnu ń wí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ìrìn ọ̀hún falẹ̀ débi pé ó ń bí mi nínú. Èmi tí mo ń gun Ìdànrè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan! Àwọn aláàárù gbé ẹrù karí, wọ́n ń kọjá lára wa bí ẹni ń lọ sọ́jà, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ti èmi náà tó bẹ́ẹ̀.

Lálaalẹ́, tí a bá jẹun tán, olórí afinimọ̀nà wa á wọ àgọ́ wá. Á fi ẹ̀rọ kékeré kan há ọmọ ìka wa níkọ̀ọ̀kan láti wo bí ọ́síjìn ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Habari?" Àwa á ní, "Nzuri." Bíi tiwa náà ni: ṣé dáadáa ni? A dúpẹ́. Ibà ì báà dá èèyàn dúbúlẹ̀, a dúpẹ́ ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá yìí á rẹ́rìn-ín, á ní kíkí nìyẹn, a ti kí ara wa tán. "Ó yá, orí ńkọ́? Ṣé o sùn? Ṣé o yàgbẹ́? Oúnjẹ ńkọ́?"

Ọjọ́ kẹta ni mo parọ́ fún un. Wọ́n mú wa gun Lava Tower, òkúta dúdú gàgàrà kan tó wà ní nǹkan bí 4,600 mítà, a jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí a tó sọ̀ lọ sí Barranco, tí kò tó 4,000 mítà, láti sùn. Àṣà òkè gíga ni: gun ibi gíga lọ́sàn-án, kí ara lè rí i, kí o sì sùn nísàlẹ̀. Níbi òkúta yẹn, odó ń dún nínú orí mi. Ọbẹ̀ tí wọ́n bù fún mi ń rùn sí mi. Nígbà tó béèrè lálẹ́, mo ní ara dá ṣáṣá. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò dá mi padà, gbogbo owó yẹn, gbogbo àtẹ̀gùn yẹn. Kò jà mí níyàn. Abọ́ mi ló wò, èyí tí ọbẹ̀ ṣì kún inú rẹ̀. Ó ní, "Orí tí o bá fi pamọ́ fún mi, èmi náà ni n ó gbé e sọ̀ kalẹ̀." Ó jáde.

Ìtìjú mú mi ju orí fífọ́ lọ. Mo pè é padà, mo sọ ọ́. Ó ní kí n mu omi, kí n sùn. Bí kò bá lọ lójúmọ́, ilé yá. Ilẹ̀ mọ́, ó ti lọ. A fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá pálá gun ògiri Barranco, a sùn ní Karanga, ní ọjọ́ karùn-ún a dé Barafu, tó ga ju 4,600 mítà lọ. Yìnyín ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn.

Ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń gbéra níbẹ̀, kí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́ náà ṣì dì mọ́ra lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ojúmọ́ sì bá èèyàn lókè. Mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta, súẹ́tà méjì, kóòtù lé e. Wọ́n ti ní kí a dojú ìgò omi dé, torí òkè ló ti máa ń kọ́kọ́ dì; mo ṣe ìyẹn, mo wá gbàgbé rọ́bà tí mo fi ń fa omi mu. Ó dì gan-an kí a tó rìn wákàtí méjì. Tọ́ọ̀ṣì àwọn tó ṣáájú wa ń gòkè lọ títí mi ò fi mọ èyí tí í ṣe ìràwọ̀ nínú wọn mọ́. Ìgbésẹ̀ kan, èémí méjì. Ìrìn tó ń bí mi nínú lọ́jọ́ kejì ti wá yá jù fún mi.

Ojúmọ́ mọ́ bá wa ní Stella Point, 5,756 mítà. Yìnyín àtayébáyé funfun lókè lọ́hùn-ún, oòrùn ń pọ́n lẹ́yìn góńgó Mawenzi. Àwọn yòókù ń ya fọ́tò. Èmi jókòó, nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń lọ síbi tí n kò rán an. Olórí dé iwájú mi. "Orí ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ń fọ́ gidi. Ilẹ̀ ń yí."

Ó fi ọ̀pá fa ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ní kí n fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀, kí n tọ̀ ọ́ lọ. Mo yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku 139 mítà péré sí góńgó Uhuru, tí wọ́n fi òmìnira sọ lórúkọ nígbà tí Tanganyika gba tirẹ̀ ní 1961. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ n ó bá wọn jiyàn. Níbo ni n ó ti rí èémí ìjiyàn? Òun kó àwọn mẹ́ta lọ, igbákejì rẹ̀ di apá mi mú, ó yà mí síhà ilé.

Ohun tí mo rántí láti sọ fún ara mi lọ́nà ni pé Hans Meyer, ará Jámánì tó dé góńgó yẹn ní 1889 pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, òun náà ti lọ ní 1887, ó sì padà. Kò dín ìrora orúnkún kù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé sísọ̀ kalẹ̀ ń fẹ́ ìdánrawò tirẹ̀. Ní Ìdànrè, fífò ni mo máa ń fò kúrò lórí àtẹ̀gùn, mo gbà pé iṣẹ́ ti parí. Níhìn-ín, ìka ẹsẹ̀ mi ń forí gbá iwájú bàtà ní gbogbo ìṣísẹ̀, torí n kò gé èékánná. Èékánná àtàǹpàkò méjèèjì dúdú, wọ́n sì ṣí kúrò lẹ́yìn oṣù kan. Ní gbogbo ìyànà igbákejì olórí yẹn ń béèrè, "Kichwa?", orí ńkọ́? Mo ń dá a lóhùn bó ṣe rí: ó ń fọ́, ó ń fọ́ díẹ̀, ó ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà tí a fi dé àgọ́ Mweka, ní nǹkan bí 3,100 mítà, mo jẹ ìrẹsì àwo méjì, mo sì bi wọ́n bóyá ó kù.

Lọ́sẹ̀ tí mo padà sí Àkúrẹ́, mo lọ ra ẹja. Ìyá náà kò tíì gbàgbé. "Bùọ̀dá, ṣé ẹ dé orí òkè ọ̀hún?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Orí ni."

Ó dá ọwọ́ dúró lórí òṣùwọ̀n. "Orí yín kọ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ̀ ọ́. Ó mi orí tirẹ̀, ó ní kílò mélòó ni kí òun wọ̀n.