Láfún Ìyá Ìbejì àti Òjò Oṣù Méè

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀sà, láti Badagry títí dé Ẹ̀pẹ́, yóò ti mọ ohun tí a ní lọ́kàn nígbà tí a bá wí pé kò sí àsìkò tí ó ṣòro láti gbẹ́kẹ̀ lé bí àkókò tí ó wà láàrin òpin oṣù Épírì àti àárín oṣù Júùnù. Oòrùn a là ní òwúrọ̀ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì lọ. Ooru a sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wù yóò ti lẹ̀ mọ́ni lára kí a tó jẹun òwúrọ̀ tán. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, ìhà ìlà oòrùn a dúdú bí aró, ìjì a dé, páànù a máa fò. Lẹ́yìn wákàtí kan, oòrùn a tún yọ, bí ẹni tí kò mọ ohun kan nípa ọ̀ràn náà. Ìgbà ìrúwé ni àwọn Òyìnbó ń pe àkókò yìí ní ilẹ̀ tiwọn, òdòdó ni wọ́n sì ń wò. Ní tiwa, páànù ni à ń wò.

Ó ti pé ọdún díẹ̀ tí àwa ti ń kọ ìwé ojú ọjọ́ ní Ìkòròdú níbi tí a ń gbé. Iṣẹ́ akọ̀wé ni iṣẹ́ wa láti ìgbà èwe, ẹni tí ó bá sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sínú ìwé, kò lè ṣe aláìkọ ti òjò pẹ̀lú. A gbé agolo kan, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, sí àárín àgbàlá. Ní òròòwúrọ̀, kí a tó kó ará ilé jọ fún àdúrà, a ó fi rúlà wo bí omi inú rẹ̀ ti ga tó. Ẹni tí kò mọ ìlò rẹ̀ lè rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mìlímítà kan ṣoṣo nínú agolo náà túmọ̀ sí pé lítà omi kan ti bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òòró. Bí a bá rí 50 mìlímítà, àgbàlá tí ó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́wàá ní òòró ti gba 5,000 lítà omi láàrin òru kan. Ẹ wá rò ó wò bí ó ti rí ní ọjọ́ Ìsinmi, 10 Júláì, ọdún 2011, nígbà tí òjò tí ó rọ̀ sí Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní 200 mìlímítà. Àwọn tí omi ya ilé wọn ní ọjọ́ náà, àti àwọn tí omi gbé ènìyàn wọn lọ, kò dúró de akọ̀wé kí ó ṣírò rẹ̀ fún wọn.

A ní láti jẹ́wọ́ pé ìwé kékeré yìí mú kí a gbéra ga díẹ̀. Ní àfikún sí agolo wa, a ń ka ìkéde ojú ọjọ́ lórí fóònù ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, àwọn ará àgbàlá sì ti mọ̀ wá mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ fọ aṣọ, ẹni tí ó fẹ́ rin ìrìn àjò, ẹni tí ó fẹ́ sìnkú, gbogbo wọn a máa dúró ní ẹnu ọ̀nà wa: “Bàbá Katikíìsì, òjò ńkọ́ lónìí?” Àwa náà a sì dáhùn bí ẹni tí ó ti òkè ọ̀run bọ̀.

Ìyá Ìbejì wà nínú àwọn tí ń béèrè. Opó ni, ọmọ Ẹ̀gbá, ó gba yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé wa, iṣẹ́ láfún ni ó sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé gbogbo ewu rẹ̀ wà nínú sísá. A lè rẹ ẹ̀gẹ́ nínú ilé, a lè bó o nínú ilé, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan ni ó lè gbẹ ẹ́. Bí òjò bá sì pa á nígbà tí kò tíì gbẹ dénú, yóò dúdú, yóò bu, yóò sì máa rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Méè, ọdún 2023, ó kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ra ẹ̀gẹ́, nítorí ó ní ẹni tí yóò gba láfún púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ náà sì ti sún mọ́. Ó wá bá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò sá a. A wo fóònù: òjò lè rọ̀, 30 nínú 100. A wo ìwé wa: ọjọ́ mẹ́rin ni agolo ti gbẹ. A wo ojú ọ̀run: ó mọ́ gaara. A sì wí fún un pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ lọ sá láfún yín. Òjò kò ní rọ̀ lónìí.”

Ìkẹjà ni ọ́fíìsì wa wà. Ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, a ṣàkíyèsí pé atẹ́gùn tí ó ti ń fẹ́ láti ìhà òkun dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sínú tí kò sì mí jáde. A dìde lọ sí ojú fèrèsé. Ìhà Ìkòròdú ti ṣú dẹ̀dẹ̀, eruku pupa sì ti gbé sókè lábẹ́ àwọsánmà náà. A pe fóònù ìyàwó wa. Ó ti lọ sí ọjà, ariwo ọjà kò sì jẹ́ kí ó gbọ́. A pe aládùúgbò kan, kò wọlé. A tún pè. Ní ìta ọ́fíìsì wa, oòrùn ṣì ń ràn ní gbogbo àkókò yìí, àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ wa sì ń béèrè ohun tí ó ń ṣe wá. Nígbà tí ìjì náà fi dé Ìkẹjà, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Nígbà tí a dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, omi tí ó dà bí ọ̀gì ni ó ń ṣàn nínú gọ́tà. Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tí ó kù nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

“Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

“Ṣé ẹ̀yin ni ẹ rọ̀ ọ́ ni? Ọlọ́run ni ó ni òjò.” Ó ṣa bí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i sínú abọ́, kò gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ni ó wí jẹ́jẹ́ pé, “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kò ní rọ̀.”

Mìlímítà 38 ni a bá nínú agolo. A kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ wa kò sì dúró bí ó ti yẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ́kọ́ bínú sí àwọn tí ó kéde ojú ọjọ́. A ní òpùrọ́ ni wọ́n. Ìyàwó wa gba fóònù náà, ó kà á, ó sì wí pé, “Bàbá Bọ́lá, mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbí. Ta ni ó wí pé kò ní rọ̀?” A kò rí èsì fọ̀. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá wí pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ó rí bí ti òní, òjò yóò rọ̀ ní mẹ́ta, kò purọ́ nígbà tí òní bá bọ́ sínú mẹ́ta náà. Àwa ni a mú “bóyá” tirẹ̀, tí a sọ ọ́ di “rárá” ní ẹnu wa.

Ohun tí ó gún wa lọ́kàn ju èyí lọ ni pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo ènìyàn. Fún àwa tí a ní agboòrùn, tí a sì ń jókòó lábẹ́ òrùlé ọ́fíìsì, bí òjò bá rọ̀, bàtà ni yóò tutù. Fún un, owó ilé-ìwé ọmọ méjì ni. Bí ó bá jẹ́ pé a sọ iye náà fún un bí a ti rí i, òun fúnra rẹ̀ ì bá ti wọ̀n ọ́n, kì bá sì ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn àgbà wí pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ní ti ọ̀ràn yìí, ẹni tí àwa fi hàn án ni ó rí.

A gbé owó lọ fún un ní ọjọ́ kejì. Ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìyàwó wa ni ó mọ ọgbọ́n tí ó dá: èsúsú tí àwọn obìnrin àgbàlá ń dá ti kàn án láti kó ní òpin oṣù náà, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí Ìyá Ìbejì kó o ṣáájú. Ìyẹn ni ó gbà, nítorí yóò san án padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọlá rẹ̀.

Ní ti àwa, a lọ bá baba apẹja kan ní Ìpàkodò, ẹni tí ó ti lo ju àádọ́ta ọdún lọ lórí ọ̀sà. A rò fún un bí a ti máa ń wo ìhà òkun ní òwúrọ̀ láti mọ̀ bí òjò yóò bá wá. Ó rẹ́rìn-ín. “Katikíìsì, òkun ni o ń wò, ẹ̀yìn rẹ ni òjò ti ń bọ̀.”

A wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ nísàlẹ̀ láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ni ó ń ru omi òkun wá sí ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n lókè réré, atẹ́gùn mìíràn ń fẹ́ láti ìlà oòrùn, òun ni ó sì ń darí àwọn ìjì ńlá oṣù Épírì àti Méè. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé omi inú òjò wa ti òkun wá, ṣùgbọ́n òjò fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú wọlé. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ a máa rin nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá na Ìjẹ̀bú-Òde ní agogo kan lè dé ọ̀dọ̀ wa ní agogo méjì.

Àbúrò wa kan jẹ́ olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. A bá a ṣe àdéhùn pé nígbàkígbà tí ìjì bá ti ìlà oòrùn dé bá wọn, kí ó pè wá lórí fóònù, kí ó sì pe Ìyá Ìbejì pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ni a dá ọgbọ́n yìí. Lẹ́yìn tí ìjì fọ́ ọkọ̀ Royal Charter ní etíkun ilẹ̀ Wales ní ọdún 1859, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 400 lọ, ọ̀gágun ojú omi kan, Robert FitzRoy, ṣètò pé kí àwọn tí ó wà ní etíkun máa tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù nípa ojú ọjọ́ ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1861, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn The Times. Àwọn ènìyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà gan-an nígbà tí ó bá tàsé. A ti mọ bí ó ti rí lára rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ tí ó wà lójú òfúrufú, tí a ń pè ní Meteosat, ń ya àwòrán àwọsánmà ilẹ̀ Áfíríkà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n wò lè rí ìjì náà bí ó ti ń rìn bọ̀.

Fóònù àbúrò wa kì í ṣe wòlíì. Ìgbà mìíràn ìjì a kú sí ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà mìíràn a sì bẹ́ lórí wa láìgba Ìjẹ̀bú kọjá. Nígbà tí Júùnù bá sì wọlé, tí í ṣe oṣù tí òjò rẹ̀ pọ̀ jù ní Èkó, òjò a yí ìwà padà: a máa rọ̀ láti òru mọ́jú láìsí ìjì, kò sì sí ẹni tí yóò pe ẹnikẹ́ni. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ìkéde NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójútó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ni a ń fetí sí. Àwọn náà ni wọ́n ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àgbẹ̀ pé kí ó má ṣe tìtorí òjò àkọ́rọ̀ gbin gbogbo irúgbìn ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì kì í sá láfún púpọ̀ ní Júùnù mọ́. Ó ń ta ata títí di Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ará àgbàlá ṣì ń dúró ní ẹnu ọ̀nà wa ní òwúrọ̀. Nísinsìnyí a ń dá wọn lóhùn pé, “Irú ọjọ́ mẹ́wàá bí òní, mẹ́rin ni òjò yóò rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́.” Inú púpọ̀ nínú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ní a ti di òṣèlú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a ń kọ ìwé yìí, agogo méjì ku díẹ̀. Àbúrò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, ó ní ìjì ti ṣí páànù ìsọ̀ kan ní iwájú ilé àwọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, oòrùn ń ràn gan-an. Àwọn tí ń kọjá ní òpópónà ń wo Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré ká tapólì láfún nínú oòrùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n, igun mẹ́rin ni tapólì náà sì ní. A ó dá kálámù dúró níhìn-ín, kí a lè lọ bá wọn mú ọ̀kan.