Ọ̀pẹ Tí Ó Là sí Méjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni bàbá mi fi ń dá gbogbo ẹni tí ó bá bi í léèrè ọ̀ràn òṣèlú lóhùn láti ọdún 1962 títí ó fi di olóògbé. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe náà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó yé mi pé kì í ṣe ẹni tí ó la ògiri nìkan ni ó yẹ kí á bèèrè. Ó yẹ kí á bèèrè ẹni tí ògiri náà wó lù pẹ̀lú.

Ọmọ Òmù-Àrán ni bàbá mi; ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni ìyá mi. Ìgbómìnà ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ààlà tí àwọn Òyìnbó fà gba àárín wọn kọjá. Ìlá bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú wa yòókù bọ́ sábẹ́ Ìlọrin ní Àríwá, tí àṣẹ ibẹ̀ ń ti Kàdúná wá. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìlá. Owó ni bàbá mi ń san lórí tiwa. Abájọ tí àwọn ènìyàn wa fi fẹ́ kí wọ́n tún ààlà náà fà. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní 1951, ni ó gbé ọ̀ràn yìí kọ́rùn. Ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ní 1957, gbọ́ ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n ààlà kò kúrò níbi tí ó wà. Síbẹ̀, bàbá mi kò sọ ìrètí nù, níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ ṣì wà.

Ní oṣù kejì ọdún 1962, ẹgbẹ́ náà ṣe àpéjọ ní Jọ́ọ̀sì. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa wá ọmọlẹ́yìn ní gbogbo ẹkùn Nàìjíríà, Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, gbà pé ó sàn kí á bá àwọn tí ń ṣèjọba àpapọ̀ rẹ́, kí oníkálukú di ẹkùn tirẹ̀ mú. Nígbà tí ó di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ìjà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn: àga ń fò, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Akíntọ́lá dá UPP sílẹ̀. Ní 1964, òun àti àwọn kan tí wọ́n ya kúrò nínú NCNC dá NNDP sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀. Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n láti 1963.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí èyí já àwa sí. Ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Dẹ́mọ̀; kò ní ohun tí yóò fi ará Òmù-Àrán ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bá NPC, ẹgbẹ́ tí ń jọba lé wa lórí, dì í pọ̀ nínú NNA. Àwọn tí wọ́n sì kù sínú Ọlọ́pẹ ń wá bí wọn yóò ṣe gba Ìbàdàn padà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku: ta ni yóò tún ráyè sọ̀rọ̀ ààlà?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá Dẹ́mọ̀ lọ; bàbá mi kò fi ọ̀pẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, ìyá ìyá mi kú ní Ìlá. Bàbá mi kò lọ. Ó ní ọ̀nà kò dára. Òótọ́ sì ni, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé kì í ṣe ti ọ̀nà nìkan. Àwa méjì ni a dé ilé òkú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ẹ̀yìn wa, ó ní, “Àna wa dà?” Ìyá mi kúnlẹ̀, kò lè fọhùn.

Àwọn kan yóò wí pé ìyapa ẹgbẹ́ ti ṣe wá lóore rí. Òótọ́ ni pé ní 1983, nígbà tí Olúṣọlá Saraki kẹ̀yìn sí Gómìnà Adamu Atta tí wọ́n jọ wà nínú NPN ní Kwara, Cornelius Adébáyọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN, ọmọ Ìgbómìnà, di gómìnà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò kí àwọn ológun tó gbàjọba. Oore tí a rí nínú ìjà onílé kì í tọ́jọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹgbẹ́ ńlá bá fọ́ sí ẹkùn-ẹkùn, olórí kọ̀ọ̀kan a máa rí ilé padà sí. Ẹni tí ó wà lẹ́bàá ààlà ni kì í rí. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò jọ jẹun mọ́ títí wọ́n fi kú. Wọ́n ti dá Kwara sílẹ̀ láti 1967, wọ́n sì dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ààlà náà ṣì wà láàárín Òmù-Àrán àti Ìlá títí di òní.