Ìyá Ìbejì Fi Owó Àjọ Mú Ọkọ Rẹ̀ Lọ Sinmi Ní Erékùṣù Àgbádárìgì

Ìsinmi létí òkun! Bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n á ní ti àwọn olówó tó ń wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó ni. Ta ló fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó wá lọ máa wo omi? Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan láti Mushin, l'Ékòó, ti lọ, wọ́n sì ti bọ̀, wọn ò wọ bàálù kankan. Mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Káfíńtà ni ọkọ. Ata gbígbẹ, edé àti ẹja gbígbẹ ni ìyàwó ń tà lọ́jà. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, ibi tí wọ́n sì ti jọ lọ kò ju ìsìnkú àti ìgbéyàwó àwọn ẹbí lọ. Ìyá Ìbejì á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó bá fi máa dé, Bàbá Ìbejì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fá pákó. Bí wọ́n bá ríra, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti owó ilé ni. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà o. Ìjà pàápàá ń fẹ́ àyè.

Nígbà tí àjọ wá kan Ìyá Ìbejì, ó ra ọjà tó yẹ kó rà, ó sì yọ díẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Àgbádárìgì."

Ọkọ ní, "Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ta ló kú?"

Ìyàwó ní, "Kò séèyàn tó kú. Kó tó di pé ẹnì kan kú nínú wa ni mo ṣe ní ká lọ."

Ọ̀rọ̀ náà di fà-á-kí-n-fà-á fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Ìbejì ní owó pákó ni wọ́n fẹ́ lọ dà sómi yẹn. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ò gbọdọ̀ di mẹ́rin.

Máìlì Túù ni wọ́n ti wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kọjá Ọ̀kọ́kọ́, wọ́n kọjá Agbára. Èèyàn ò lè sùn nínú mọ́tò lọ́nà yẹn, kòtò ò ní jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ Àgbádárìgì ni igi àgbọn ń pọ̀ sí i. Ìlú àwọn Ẹ̀gùn ni, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ níbi tí ilẹ̀ Benin ti bẹ̀rẹ̀. Ilé àlejò kékeré kan nínú ìlú ni wọ́n wọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀dì, fáànù àti omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, ó sì tó wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. kọ́ parí ní 1845. Ojú káfíńtà ni Bàbá Ìbejì fi wò ó. Ó ń wo férémù, ó ń wo àtẹ̀gùn, ó ń fi ìka kan pákó gbọ́ bó ṣe ń dún. Ní ti Ìyá Ìbejì, ìtàn àwọn tó gbé ìlú náà nígbà yẹn ló wú u lórí. Ní 1845 yìí kan náà ni Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Àsánò. Wọ́n ti mú Àjàyí lẹ́rú ní Òsóògùn ní 1821, nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Àsánò náà, ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ni. Sàró ni wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ra ní 1829. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846 ni Àjàyí tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ tà bí ewúrẹ́ ló wá di tọkọtaya!"

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sọdá. Ọ̀sà ló wà láàárín ìlú àti erékùṣù Gberefu, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í sì í pẹ́ kó tó dé òdìkejì. Wọ́n wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ ẹ̀rù omi ń ba Ìyá Ìbejì. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú gírígírí lójú gbogbo èrò. Bàbá Ìbejì ò ja apá rẹ̀ gbà. Ẹ̀rín ló ń rín.

Béèyàn bá sọ̀ kalẹ̀, orí yanrìn ló kù tó máa fẹsẹ̀ rìn, láàárín igbó àti igi àgbọn, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó kan òkun. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà láyé òwò ẹrú, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn afinimọ̀nà sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú lómi mu níbẹ̀, omi tí wọ́n ti fi oògùn sí, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Iwájú kànga yẹn ni etí òkun wà, níbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àlọ Láìsí Àbọ̀.

Títí wọ́n fi dé ìdí kànga, bí ìṣe rẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ṣe ń rìn. Ó wà níwájú, ó ń sáré tete. Ìyàwó ru báàgì oúnjẹ àti omi, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Afinimọ̀nà wá ń ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ ti lọ nìyẹn, pé ọkọ kì í mọ ibi tí wọ́n ta ìyàwó sí, ìyá kì í sì í mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ gbà. Káfíńtà dúró. Ó wẹ̀yìn. Ó padà lọ gba báàgì lórí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Orúnkún ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Á ti tó ọdún mẹ́ta."

Ọkùnrin náà ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn o!

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń wọ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́. Ìgbì rẹ̀ ń bú ramúramù, ó sì lè fa àgbàlagbà lọ. Wọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n bọ́ bàtà. Ọmọkùnrin kan ká àgbọn tútù fún wọn, ó fi àdá ṣí i, wọ́n mu omi rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ọmọ ọjà, kò lè ṣe kó má nájà. Obìnrin Ẹ̀gùn kan jókòó nítòsí, ó ń fá imọ̀ àgbọn fi ṣe ìgbálẹ̀, làwọn méjèèjì bá ń tàkúrọ̀sọ. Wọ́n ń jẹ àgbọn, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n ń fi imọ̀ rẹ̀ bo ilé, wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ dáná.

Ìyá Ìbejì ní, "Èmi àti igi yìí, iṣẹ́ wa ò tán rárá."

Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Ṣùgbọ́n òun ń gba atẹ́gùn ní tiẹ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù, wọ́n jókòó síta. Kò sí kọ́sítọ́mà, kò sí ìró ayùn. Ìyá Ìbejì wá sọ pé àpótí kúkúrú tí òun ń jókòó lé lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́ ló ba orúnkún òun jẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìgbà wo lẹ jókòó tí mo fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ káfíńtà lára. Ẹni tó ń kan àga fún gbogbo àdúgbò, àpótí ni ìyàwó tiẹ̀ ń lóṣòó lé lórí!

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n padà sílé, kò di ọjọ́ kẹrin. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àga tuntun ti dé ìsọ̀ Ìyá Ìbejì. Ó ga bó ṣe yẹ, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ibi téèyàn ń gbé apá lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní olorì wo ló wá ń ta ata yìí? Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ti lọ bá Bàbá Ìbejì pé èló ni kó kan tiwọn.

Látìgbà náà, bí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè bá ti lẹ́, ṣọ́ọ̀bù pákó ń wà ní títì. Tọkọtaya á gbé bẹ́ǹṣì síta, wọ́n á fi omi tútù mu gààrí, àgbọn àti ẹ̀pà ni wọ́n á fi jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ àsìkò àgbàdo, wọ́n á sun ún. Rédíò á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò ní mọ ohun tó ń sọ. Gọ́tà ló wà níwájú ilé wọn, kì í ṣe òkun. Orúnkún Ìyá Ìbejì ò tíì san tán, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ mọ ọjọ́ tó ń dùn ún àti ọjọ́ tó fúyẹ́.

Ẹ̀yin tọkọtaya tó bá fẹ́ lọ sí Gberefu, àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé, ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú omi mímu dání, ẹ má sì bá òkun ṣeré. Ẹni tí kò bá tíì lówó ọkọ̀, ṣebí bẹ́ǹṣì wà níwájú ilé. Kó jókòó sí i lálẹ́ òní, kó bi ẹnì kejì rẹ̀ pé ibo ló ń dùn ún.