Ojúlé À, Ojúlé Á

Kì í ṣe iṣẹ́ olóòtú ni mo lọ kọ́ ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Òjé la fi ń tẹ̀wé nígbà náà. Wọ́n pín àpótí lẹ́tà sí ojúlé-ojúlé: à wà lọ́tọ̀, á wà lọ́tọ̀. A ó ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, a ó tò wọ́n sójú irin. Bí a bá tẹ̀wé tán, àwa ọmọṣẹ́ la ó dá wọn padà sí ojúlé wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo da ẹ̀kúnwọ́ à sí ojúlé á. Ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tó kàn. “Ìyá wa ti lọ” ló yẹ kó wà lójú ìwé àkọ́kọ́. “Ìyà wa ti lọ” ló jáde. Àkọ́bí olóògbé di ìwé náà mú, ó ń sunkún: “Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìyà ni màmá wa ni?” Ọ̀gá mi, tó tó bàbá bí i, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò nà mí. Ó ní, “Ojú a máa fo nǹkan. Láti òní lọ, máa kà á ketekete sí mi létí kí á tó tẹ̀ ẹ́.” Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú ìwé ni Ìbàdàn. Ní 1949 ni Olóyè Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìmàlefálàáfíà níhìn-ín. Ọdún kan náà ni Oxford University Press ṣí ẹ̀ka síbí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1955, ọmọ kún ilé-ìwé, ìwé kíkà wá di dandan.

Ṣùgbọ́n àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló sọ mí di olóòtú. “Aiye” gbọ́dọ̀ di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”, “nwọn” di “wọ́n”. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ń wá ẹni tí yóò jókòó ti ìwé àtijọ́ lójú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo jókòó tì í, mo ń kà á síta títí ohùn mi fi há.

Kọ̀ǹpútà dé, mo rò pé wàhálà ojúlé ti tán. Àṣé ọ́ àti ẹ̀ kò ní ojúlé kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò: lẹ́tà dá wà, àmì ohùn dá wà, ẹ̀rọ ló ń so wọ́n pọ̀. Bí ìwé bá ti ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn, àmì lè já bọ́ sọ́nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan gbé ìtàn ìgbésí ayé ìyá rẹ̀ wá fún mi. Mo ní kó jókòó, kó máa kà á síta. Nígbà tó kan “ìyá”, mo fi bírò tẹ orí àmì náà, mo wò ó dáadáa, kí n tó jẹ́ kó ṣí ojú ewé.